Àlejò Lọ, Oníbodè Rẹ̀ Kò Lọ

Àbúrò mi obìnrin ní netbook kan, kọ̀ǹpútà kékeré báyìí tí kò ní ojú CD, tí RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, kò ju 1GB lọ. Windows 7 Starter, ẹ̀yà Windows kékeré, ló bá a wá, Starter kì í sì í jẹ́ kéèyàn pààrọ̀ àwòrán ojú rẹ̀. Ìyẹn ló ń dun ọmọ yìí. Èmi ẹ̀gbọ́n tó mọ gbogbo nǹkan, mo ní kò séwu: Windows kò ní kúrò, a ó kàn gba Ubuntu, irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, lálejò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ti tan ẹ̀rọ, GRUB, ìyẹn oníbodè tí Ubuntu mú lọ́wọ́ wá, yóò bi í pé ta ló fẹ́ rí.

Ilé kò rójú. Ọ̀rọ̀ aago ló kọ́kọ́ dé: Ubuntu gbà pé aago UTC, ìyẹn aago àgbáyé, ló wà nínú ẹ̀rọ, Windows gbà pé aago ibi téèyàn wà ni, kálukú wọn wá ń bá èkejì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ló dá ìjà sílẹ̀ gan-an. Píksẹ́lì 600 péré ni ojú netbook yẹn ga, àwọn fèrèsé Ubuntu mìíràn sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. "OK" á wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tójú kò tó. Èèyàn á di Alt mú, á fi máòsì wọ́ fèrèsé náà sókè kó tó rí i tẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún un tayọ̀tayọ̀. Ó wò mí títí.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé e lọ."

Lílé kò ṣòro. Mo wọ Windows, mo ṣí Disk Management, ibi tí wọ́n ti ń pín dísìkì, mo pa ilé Ubuntu, ìyẹn ìpín tirẹ̀ lórí dísìkì, rẹ́, mo ní kó tún ẹ̀rọ tan. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun: error: no such partition, ìyẹn ni pé kò sí irú ìpín bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, grub rescue>.

Windows kò mì rárá o. Gbogbo fáìlì ọmọ yìí ló pé síbẹ̀. Àmọ́ báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísìkì, èyí tí ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ kà, ni GRUB ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ kò sì sí lára ilé tí mo wó. Ẹrù rẹ̀ yòókù ló wà nínú ilé tí mo wó. Àlejò ti lọ, oníbodè ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè ọ̀gá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí onílé wọlé.

Mo tẹ "help." Ó ní òun kò mọ àṣẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ "exit." Kò mọ ìyẹn náà.

"Ẹ kọ́kọ́ kí i ná," ni àbúrò mi wí lẹ́yìn mi. "Ó lè jẹ́ ìyẹn ló ń bí i nínú."

Orí fláàṣì ni mo kó irinṣẹ́ àtúnṣe Windows 7 sí láti ara kọ̀ǹpútà mìíràn. Mo wọ BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè kọ́kọ́ wo fláàṣì, mo dé Command Prompt, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, mo tẹ bootrec /fixmbr, àṣẹ tó ń tún ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì kọ. Gbogbo òógùn tí mo là, ìlà kan ṣoṣo yìí ló lé oníbodè! Windows ṣí wẹ́rẹ́, mo sì dá àyè tí Ubuntu gbà padà fún un.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú Linux mìíràn tó fúyẹ́ ju Ubuntu lọ ni àbúrò mi gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Ó yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, ó tẹ nǹkan díẹ̀. Ó ti fi password sí i. Mo bi í pé kí ni password náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá mi," ló fi dá mi lóhùn.