Ibi tí owó ń gbà nígbà tí ìjọba bá fòfin de kírípítò

Bitcoin, ọ̀kan lára àwọn owó orí ayélujára tí wọ́n ń pè ní kírípítò, kò ní olú-iléeṣẹ́ tí ìjọba lè lọ fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹnu ọ̀nà báńkì ni ọwọ́ wọn ti sábà máa ń tó o. Ibẹ̀ ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tì ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, tó ní kí àwọn báńkì wá àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò, kí wọ́n sì tì í pa. Báńkì àpapọ̀ Íńdíà ti ṣe irú rẹ̀ ní 2018, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tó wọ́gi lé e ní oṣù Kẹta 2020.

P2P ló kù, ìyẹn kí ẹnì kan ta kọ́ìnì fún ẹlòmíì tààrà lórí ìkànnì òwò kírípítò. Olùtà á gbé kọ́ìnì sórí ìkànnì, ìkànnì á dì í mú. Olùrà á fowó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì olùtà. Bí owó bá wọlé, olùtà á tẹ bọ́tìnì, kọ́ìnì á bọ́ sọ́wọ́ olùrà. Lójú báńkì, Lágbájá ló kàn fowó ránṣẹ́ sí Tàmẹ̀dò.

Ewu ibẹ̀ pọ̀ o. Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú máa ń jọ ti báńkì gẹ́lẹ́, síbẹ̀ kọ́bọ̀ ò ní wọlé. Ẹ má tẹ bọ́tìnì nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí fọ́tò rìsíìtì. Ẹ ṣí àpù báńkì yín, kí ẹ wo iye tó wà níbẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni kí owó wọlé pẹ̀lú orúkọ tó yàtọ̀ sí èyí tí olùrà fi sílẹ̀ lórí ìkànnì. Ó lè jẹ́ owó ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Bí onítọ̀hún bá fẹjọ́ sùn, báńkì á tọpasẹ̀ owó náà dé ọ̀dọ̀ yín, wọn á sì ti àkáǹtì yín. Ẹ má tẹ bọ́tìnì, ẹ fẹjọ́ sun ìkànnì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá máa dá owó padà, àkáǹtì tó ti wá gan-an ni kó lọ. Ẹ má gba nọ́ńbà míì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fà yín lọ sórí WhatsApp: kò sẹ́ni tó ń di kọ́ìnì mú níbẹ̀.

Ní Ṣáínà, àwọn tó ń wa bitcoin, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò tó ń mú kọ́ìnì tuntun jáde, náà kàgbákò nígbà tí ìjọba lé wọn ní 2021. Ọ̀pọ̀ kó ẹ̀rọ wọn lọ sí Kazakhstan àti Amẹ́ríkà. Bitcoin máa ń tún ìnira iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ìyẹn bí ìṣirò náà ṣe le tó, nígbà tí búlọ́ọ̀kù (àkójọ àkọsílẹ̀ òwò) bá pé 2016, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí pé ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dín kù, ní oṣù Keje 2021, ìnira náà já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tó kù wá ń rí èrè tó pọ̀ sí i.

Lójú tèmi, mẹ̀kúnnù ni irú òfin báyìí ń ṣe ní jàǹbá. Iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ṣeé pè lẹ́jọ́. Àjèjì orí P2P kò ṣeé rí mú. CBN náà yí ohùn padà ní oṣù Kejìlá 2023, ó gba báńkì láyè láti ṣí àkáǹtì fún àwọn iléeṣẹ́ tó níwèé àṣẹ. Ẹni tó bá ṣì ń lo P2P, kó tọ́jú nọ́ńbà òwò kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí ìkànnì, àti ìwé àkáǹtì ọjọ́ náà. Ohun tí báńkì máa béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì tí wọ́n tì nìyẹn.