Samósà àti Mathri Láti Inú Ààrò Oníná: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Ohun tí mo ń wá nínú iṣẹ́ yìí ni èwo nínú àwọn ìpanu Íńdíà, tí wọ́n máa ń fi ọ̀pọ̀ epo dín, ni a lè yan nínú ààrò oníná láìba adùn rẹ̀ jẹ́. Samósà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni àwa tí a ń jẹ small chops níbi ìnáwó l'Ékòó mọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti agbègbè Punjab ní àríwá Íńdíà tóbi ju tiwa lọ, èèpo rẹ̀ nípọn, pòtétò àti píìsì ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ dípò ẹran.

Ara èèpo ni iṣẹ́ wà. Mo bu iyọ̀, èso ajwain (hóró kékeré tí òórùn rẹ̀ jọ ti thyme) àti ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́ lórí iná títí omi rẹ̀ fi gbẹ tán tí wọ́n sì sẹ́, sí gíráàmù 250 fúláwà. Mo fi ìka rà á pọ̀ títí ó fi ń dì mọ́ra bí mo bá fún un ní àtẹ́lẹwọ́, kí n tó máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá yìí kò gbọ́dọ̀ dín kù, òun ló ń jẹ́ kí èèpo rún wómúwómú lẹ́nu. Epo tí mo ń sá fún ni èyí tí ìpanu ń fà mu nínú agbada àti lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́.

Epo gbígbóná a máa yí ìpanu ká, a sì máa lé omi ara rẹ̀ jáde kíákíá, ṣùgbọ́n ooru inú afẹ́fẹ́ kì í tètè wọ oúnjẹ lára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe jẹ́ kí èèpo fẹ́lẹ́ ju ti dídín lọ, mo fi òróró pa á lára, mo sì yan án ní ìwọ̀n 190 Celsius fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, tí mo yí i padà nígbà tó dé ìdajì. Àwọ̀ rẹ̀ kò pọ́n dọ́gba bí ti inú epo, àmọ́ etí rẹ̀ gbẹ dáadáa, òórùn kumínì àti ti máńgòrò àìpọ́n tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ hàn ketekete. Inú mi dùn sí i gidigidi.

Mathri, ìpanu pẹlẹbẹ tí àwọn ará Rajasthan ń fi achar (èso tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀, òróró àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán pa mọ́) jẹ, rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: fọ́ọ̀kì ni mo fi gún un lára kó má baà wú, mo yan án ní 180, ó sì le bó ṣe ń tutù. Pakora ni mo yọ kúrò pátápátá, nítorí pé ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana tí wọ́n pò rọ̀ bí àkàrà nílò epo gbígbóná tí yóò mú un dì lójú ẹsẹ̀. Nínú ààrò, ńṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Chakli, ìpanu tí wọ́n ń ká róbótó bí ìkarahun ìgbín, ló kàn. Bọ́tà ni n ó fi pò ìyẹ̀fun ìrẹsì rẹ̀, n ó sì yan án lórí iná tó rọlẹ̀ ju ti mathri lọ, kó lè gbẹ dé inú kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n.