Fíìmù ọpọlọ Alhaja tó wà lábẹ́ mátíráàsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá ya àwòrán ọpọlọ ẹnikẹ́ni nílé yín, ẹ má jù ú nù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Alhaja, ìyá bàbá mi, ìkòkò ni wọ́n ń mọ ní Òkèlele n'Ílọrin láti kékeré. Lọ́dún 3 sẹ́yìn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìgbà 3 láàárín wákàtí kan pé ṣé mo ti jẹun, a gbé wọn lọ ya ọpọlọ, dókítà ní kò sí nǹkan gidi. Lọ́dún tó kọjá a tún lọ ya òmíì níbòmíì, dókítà ibẹ̀ béèrè ti àkọ́kọ́, àwọn tó yà á sì ní àwọn ti pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Inú bí mi gan-an. Alhaja fúnra wọn ló ní kí n lọ wo abẹ́ mátíráàsì. Etí fíìmù yẹn ti ká, òórùn kàfúrà ń jáde lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn. Dókítà gbé méjèèjì sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí hippocampus, ibi tí ọpọlọ fi ń kó ohun tuntun pamọ́: ó ti joro, omi ti gba àyè ẹ̀.

Ohun tí mò ń kọ́ ní Tankẹ báyìí nìyẹn, deep learning, ìyẹn ká fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè máa dá irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ mọ̀ fúnra ẹ̀. Tó o bá rí ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o ò lè sọ pé ó ga sí i, ẹni tó rí i ní Iléyá èṣí tó tún rí i lọ́dún yìí ló máa pariwo. Hippocampus àgbàlagbà tára ẹ̀ le ń dín bí i 1 sí 1.5 nínú 100 lọ́dún, ti ẹni tó ní Alzheimer's, àrùn ìgbàgbé tó ń ba ọpọlọ jẹ́, lè tó 4 sí 5. Ìyàtọ̀ yẹn kéré débi pé tí orí bá kàn tẹ̀ díẹ̀ nínú MRI, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya inú ọpọlọ, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó lè dà bíi pé ọpọlọ joro nígbà tí kò joro, ìdí nìyẹn tá a fi kọ́kọ́ ń to àwòrán méjèèjì lé ara wọn. Ẹlòmíì padà wá lẹ́yìn oṣù 6, ẹlòmíì lẹ́yìn ọdún 2, a gbọ́dọ̀ sọ àlàfo yẹn fún kọ̀ǹpútà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé orí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú ohun tí kọ̀ǹpútà fi kọ́ṣẹ́, bí i ti ADNI, ìwádìí Alzheimer's ní Amẹ́ríkà tó ń kó àwòrán ọpọlọ jọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe n'Ìbàdàn àti Indianapolis, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2001, ti fi hàn pé láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, Alzheimer's ń mú Yorùbá tó 1.15 nínú 100 lọ́dún, ó sì ń mú aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó 2.52. Tiwa yàtọ̀ o!

Ẹ tún gba sídì tí wọ́n kó àwòrán náà sí, torí fíìmù nìkan ò tó kọ̀ǹpútà. Mo ti fi bírò kọ déètì sẹ́yìn méjèèjì. Ìkẹta di lẹ́yìn Iléyá.