Katakátá tó ń mu ọ́ìlì: ẹ wá ohun tó pa ríìngì kí ẹ tó ra òmíràn

Ẹ̀yin tí ẹ ní excavator níbi ìfọ́ òkúta lọ́nà Abẹ́òkúta, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọpirétọ̀ fa géèjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ láàárọ̀, ọ́ìlì ti wálẹ̀. Ó da lítà 4 sí i. Nígbà tó fi máa di ọ̀túnla, ó tún ti wálẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù sì ń rú lẹ́nu sálẹ́ńsà. Kíá, ẹnì kan á ní ríìngì, òrùka irin tó wà lára pístọ́nù, ti lọ, wọ́n á sì gbé spánà. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ríìngì kì í dédé lọ. Ohun kan ló pa á, nǹkan ọ̀hún á sì pa tuntun tí ẹ bá fi sí i.

Ẹ́ńjìnnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lójú mi ló jẹ́ kí n kọ èyí, ó ṣì ń dùn mí. Sílíìfù tuntun (ihò irin tí pístọ́nù ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀), pístọ́nù tuntun, ríìngì tuntun; olówó rẹ̀ ti ná owó gọbọi. Kò pẹ́ rárá tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n ká orí rẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òkè sílíìfù, níbi tí ríìngì àkọ́kọ́ ti ń yí padà, ń dán bíi dígí; ìlà hónì, ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fà sínú sílíìfù kó lè di ọ́ìlì mú, ti pa rẹ́. Etí ríìngì òkè ti mú débi pé ó lè ya èèyàn níka. Nígbà tí wọ́n tì í padà sínú sílíìfù láti wọn ẹnu rẹ̀, àlàfo náà ti ju mìlímítà 2 lọ, bẹ́ẹ̀ ti ríìngì tuntun irú rẹ̀ kì í tó mìlímítà 1. Ríìngì ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ àti àwọn bẹ́árìn ṣì dára. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti yanjú: eruku tó bá gba inú ọ́ìlì wọlé, bẹ́árìn àti ríìngì ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ. Èyí tó bá bá atẹ́gùn wọlé, ríìngì òkè ló ń jẹ. Wọ́n wo tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Wọ́n wo hóòsì rọ́bà tó so ilé fílítà atẹ́gùn mọ́ tọ́bò, ó ti ya lábẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíìpù, níbi tí ojú kì í dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, ó ń lanu. Bó bá dákẹ́, ó ń padé. Hóòsì kan ṣoṣo ló jẹ gbogbo owó yẹn.

Mi ò bú ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì fún bóòtì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó jẹ ríìngì àtijọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́ìlì náà. Kí ẹ̀rọ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó ti kú fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹnì kan náà máa wo géèjì lójoojúmọ́. Ẹ má kún un kọjá àmì, torí kíránkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á máa lù ú di ìfófòó, breather, ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí, á sì máa tú u síta. Ẹ kọ lítà dísù àti lítà ọ́ìlì sínú ìwé. Lítà ọ́ìlì 1 sí lítà dísù 200 kò tíì burú fún ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́. Lítà ọ́ìlì 1 sí lítà dísù 100, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹ gbóòórùn géèjì pẹ̀lú: bí injector tó ń fọ́n dísù bá ń jò sínú súmpù, àwo ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, dísù á rọ́pò ọ́ìlì tó ń lọ, ẹ ó sì rò pé kò dín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì kí ẹ lè rí ibi tó ń jò. Ẹ wo rádíétọ̀. Ọ́ìlì tó bá léfòó níbẹ̀, ẹ yẹ oil cooler tó ń mú ọ́ìlì tutù wò. Ẹ tú páìpù tọ́bò: bí ọ́ìlì bá rọ́gún síbẹ̀, ẹ má tíì ra tọ́bò. Páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sí súmpù lè ti dí, tàbí kí fílítà atẹ́gùn dí kó máa fa ọ́ìlì kọjá síìlì, ohun tó ń dènà jíjò. Èéfín tó rú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dúró pẹ́ láìṣiṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti síìlì fáàfù tàbí gáìdì fáàfù, ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà. Èyí tó ń rú nígbà tó bá ń gbẹ́lẹ̀, tí breather sì ń fẹ́ gidigidi, ti ríìngì ni.

Mo tún padà sí ọ̀rọ̀ eruku. Ẹ má gbá fílítà mọ́ táyà. Inú ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ síta, kí atẹ́gùn má ju 30 psi lọ. Fílítà kékeré ti inú, ẹ má fẹ́ ẹ rárá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣí i láràárọ̀ nítorí ọyẹ́. Ìgbà tí àmì pupa tó ń sọ pé fílítà ti dí bá yọ ni kí ẹ ṣí i. Ẹ fi aṣọ funfun nu inú páìpù tó wà lẹ́yìn fílítà: bí eruku bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n pààrọ̀ hóòsì, wọ́n fọ aftercooler tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù, wọ́n tún pààrọ̀ sílíìfù àti ríìngì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ṣe irú rẹ̀, ẹ fi kílíìpù tó ní bóòtì de hóòsì náà, kì í ṣe wáyà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dúró lásán tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ́lẹ̀ kí ríìngì lè jókòó. Ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù ní nǹkan bí wákàtí 50, kí ẹ sì máa kọ lítà dísù àti lítà ọ́ìlì sílẹ̀ láti ọjọ́ tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́.