Bẹ́ẹ̀ni mi lọ́dún yìí

Ní ọjọ́ kejì ọdún yìí, kí n tó jókòó sídìí máṣíìnì, mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ kọ Mátíù 5:37 sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi: kí bẹ́ẹ̀ni yín jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, kí bẹ́ẹ̀kọ́ yín jẹ́ bẹ́ẹ̀kọ́. Télọ̀ ni mí, n'Ìbàdàn. Láti kékeré ni mo ti mọ ẹsẹ yẹn, àmọ́ mi ò rò ó rí pé ó kan aṣọ rírán.

Ìparí ọdún tó kọjá ló là mí lójú. Oníbàárà mi kan ra léèsì ní Gbági fún ìdúpẹ́ ìrántí ìyá rẹ̀. Mo ní kó wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀. Ó wá lọ́jọ́ náà, ó wá ní Ẹtì, ó tún wá lẹ́ẹ̀mejì ní Sátidé. Gbogbo ìgbà tó wá ni mo ń sọ fún un pé, "Ó ti wà lórí máṣíìnì, mà," bẹ́ẹ̀ mi ò tíì gé e. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin, mo wọ aṣọ kúáyà, nígbà tí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jó wọlé. Gbogbo wọn ló wọ léèsì náà, òun nìkan ló wọ aṣọ àtijọ́. Kò bú mi. Kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo lanu, orin ò jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀ mọ bó ṣe máa ń rí. Tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, a máa ń gba aṣọ ju èyí tí apá wa ká lọ, torí ẹ̀rù ń bà wá pé oníbàárà á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni mò ń pe ìyẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wá ka orí karùn-ún Mátíù láti ẹsẹ 33, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìbúra ni Jésù ń sọ bọ̀: àwọn tó ń fi ọ̀run búra, tí wọ́n ń fi ayé búra, tí wọ́n ń fi Jerúsálẹ́mù àti orí ara wọn búra kí wọ́n lè gba àwọn gbọ́. Èmi náà ń ṣe é. "Ọlọ́run ló gbọ́, ọ̀la ni!" Èyí tó tún burú jù ni "bí Ọlọ́run bá fẹ́" tí mo máa ń sọ. Jákọ́bù 4:15 kọ́ wa láti máa sọ ọ́ ká lè rántí pé ọ̀la ò sí lọ́wọ́ wa. Èmi wá sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́sí. Mo ti mọ̀ pé aṣọ ò ní parí, mo wá ń di ẹ̀bi ru Ọlọ́run sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Mo sunkún tọrọ ìdáríjì lórí ìyẹn.

Mo ra ìwé kan. Mo ṣírò iye aṣọ tí èmi àti àwọn méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lè rán lọ́sẹ̀, yálà iná wà tàbí kò sí: mẹ́sàn-án ni. Tí mẹ́sàn-án bá ti pé lójú ewé ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní gba ìkẹwàá. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbé aṣọ ẹbí èèyàn 22 wá, wọ́n fẹ́ ẹ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní 12 ni mo lè ṣe. Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò nílẹ̀, owó iléèwé àwọn ọmọ mi sì wà nínú ẹ̀. Sáàmù 15 yin ẹni tó búra sí ibi ara rẹ̀, tí kò sì yí i padà. Mo ti há Sáàmù yẹn sórí láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, oṣù kẹjọ ni mo mọ̀ pé ó ń náni lówó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọjọ́ tí mo dá yẹ̀ lọ́dún yìí. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo pe oníbàárà kí òun tó wá. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n rán bùbá mẹ́ta ju kí n pe irú fóònù yẹn lọ. Gígékù aṣọ náà, mo ti ń dì í sínú ọ̀rá fún ẹni tó ni ín.

Ibi tí mo ti ṣubú nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti gba fírídọ̀mù, mò ń sanwó fún un. Nígbà ìkórè, mo fi owó rẹ̀ falẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fi owó sínú àpò ìwé ìkórè mi. Wọ́n pe orúkọ mi níwájú ìjọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ náà wà lẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Diutarónómì 24:15 ní kí oòrùn má wọ̀ bá owó alágbàṣe lọ́wọ́ ẹni. Ní Mọ́ńdè mo san án, mo bẹ̀ ẹ́ lójú èkejì rẹ̀ tó mọ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí, Mọ́mì." Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára mi, mi ò sì fẹ́ kó tètè kúrò.

Obìnrin onílèésì ńkọ́? Ní oṣù kẹta ni mo tó lè lọ sílé rẹ̀. Ó fún mi lómi, ó gba owó iṣẹ́ tí mo dá padà, ó ní ó ti tán. Kò sì mú aṣọ wá mọ́. Mi ò bá a wí.

Àná ló yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àǹkárá kan dání. "Ìyá Dámi, mo fẹ́ fi ṣe ọdún tuntun." Ọkàn mi fò. Ìwé mi ti kún. Ahọ́n mi ti fẹ́ sọ pé kó gbé e kalẹ̀, torí kò sí ẹni tí mo tún fẹ́ tẹ́ lọ́rùn tó o. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Kò ní ṣe é ṣe kí ọdún tó wọlé. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ló máa jẹ́."

Ó wo ìwé náà, ó wo mi. Ó wá gbé àǹkárá náà sórí tábìlì. Mo na tépù, mo wọn èjìká rẹ̀, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ọdún tó ń bọ̀.