Owó tí mo ná sórí mọ́tò oko kí n tó gbọ́n

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé gíga ni mọ́tò fi ń la ẹrẹ̀ kọjá. Èmi gbà á gbọ́, àpò mi ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Jíìpù Toyota 4Runner tòkúnbọ̀ ọdún 1999 ni mo ń wà láti Òṣogbo lọ sí oko kòkó wa, lápá ọ̀nà Iléṣà. Títì kò burú. Ibi tá a ti yà wọ igbó ni wàhálà wà. Tójò bá ti dé, ẹrẹ̀ pupa ibẹ̀ a máa gbé táyà mì, odò kékeré kan sì tún dábùú ọ̀nà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ há, mo tọ mẹkáníìkì mi lọ, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi gbé e sókè." Ó fi irin kún orí sipíríǹgì iwájú, ó pààrọ̀ tẹ̀yìn, mọ́tò fi íńṣì 3 ga sí i. Ó wuyì lójú! Ìyá mi jáde, wọ́n wò ó lókè wò ó nílẹ̀: "Ṣé kí n lọ yá àkàbà wá ni?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bó ti wù kí ara mọ́tò ga tó, ikùn irin tó wà láàárín ààsù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), èyí tá à ń pè ní dífù, kò kúrò níbi tó wà. Òun gan-an ló sì ń fi àyà wọ́lẹ̀ lójú ipa àwọn lọ́rì tó ń kó pákó. Táyà ńlá nìkan ló lè gbé e sókè. Mo bọ́ táyà 265/70R16, mo fi 285/75R16 tó tóbi jù ú lọ sí i, dífù sì kúrò nílẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Láti ìgbà náà ni ojú ìwọ̀n eré ti ń purọ́: tó bá ka 100, ẹ ti ń sá 107. Ṣáàfù iwájú, irin tó ń yí táyà iwájú, náà ti dà gẹ̀rẹ̀ jù nítorí gíga yẹn. Oṣù mẹ́rin kò pé tí rọ́bà rẹ̀ fi ya, tí gíríìsì ta sí gbogbo rímù.

Ti odò ló dùn mí jù. Omi ọ̀hún kò ju orúnkún lọ. Mo ti sáré bọ̀ láti ìgboro, dífù ti gbóná kí n tó wọ inú omi náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀; ọ́ìlì tó ṣàn sínú ike dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Irin gbígbóná tó já sómi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á wá máa fa omi mu láti ihò ìmí rẹ̀. Rọ́bà gbọọrọ kan tá a so mọ́ ihò náà, tá a gbé ẹnu rẹ̀ lọ sókè, ló parí ọ̀rọ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Owó bẹ́ríńgì tó ti jẹ, ẹ má bi mí.

Ní báyìí, tí mo bá ti kúrò lórí títì, màá sọ̀ kalẹ̀, màá jẹ́ kí atẹ́gùn táyà wálẹ̀ láti 35 sí 20 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn inú táyà). Táyà á tẹ́ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, á sì di ilẹ̀ mú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo gba ibi tí mo ti há lẹ́ẹ̀mẹta kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú ló kàn ń bí mi sí ara mi. Ẹ ṣáà ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná bátìrì fẹ́ táyà, torí ẹ ò lè fi 20 sáré lórí títì. Táyà á gbóná, ó sì lè bẹ́. Kò sí fọkanáísà nínú igbó.

Ráàkì irin tí wẹ́dà ṣe sórí mọ́tò fún mi, mo ti tú u. Ó wúwo, ó ń mú mọ́tò fì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó wà lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ ìyá mi ló ń sùn sórí ẹ̀.