Ìràwọ̀ Bọ́mà tí mo rà lọ́jà òkìrìkà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dà bíi pé mo ti ná ìnákúnàá o. Sátidé tó kọjá mo lọ sọ́jà káàbúùtù kan níbí ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti máa ń tẹ́ ẹrù òkìrìkà sẹ́yìn mọ́tò, ìkòkò ni mo wá lọ, ni mo bá rí Burma Star, àmì ẹ̀yẹ tí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn sójà tó jà ní Bọ́mà, ní Éṣíà, nígbà ogun Hítílà, nínú páálí kan, láàárín ṣíbí àti kọ́kọ́rọ́ tó ti dípẹtà. Ẹsẹ̀ mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Bàbá tó bí mọ́mì mi lọ sógun Bọ́mà. Irú ìràwọ̀ yẹn gan-an, onígun mẹ́fà, aláwọ̀ idẹ, wà nílé wọn n'Íléṣà nígbà kan, àwọn bọ̀ọ̀dá mọ́mì fi ṣeré títí ó fi sọnù, kò sẹ́ni tó bínú, bàbá fúnra wọn ò béèrè ẹ̀.

Bàbá òyìnbó tó ń tà á ní òun ti ń kó nǹkan ogun jọ láti kékeré. Èmi, mo máa ń rò pé àwọn tó ń kó akoto àti bẹ́líìtì sójà jọ kàn fẹ́ràn ìjà ni, àwọn tí ò tiẹ̀ jà rí. Irú wọn wà ṣá. Àwọn tó ń wá ti Násì, àwọn èèyàn Hítílà, kiri pàápàá, owó gọbọi ni wọ́n ń ná sí i, wọ́n á ní ìtàn làwọn ń tọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò lè sùn nínú ilé tí wọ́n fi swastika, àmì àwọn Násì, kọ́ ògiri ẹ̀. Ayédèrú sì kún inú ọjà yẹn fọ́fọ́, inú mi dùn sí i.

Àmọ́ ti bàbá òyìnbó yìí yàtọ̀. Idẹ roboto tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ sílé àwọn tó kú lógun 1914 sí 1918 ló ń rà, Dead Man's Penny ni wọ́n ń pè é, ó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n ṣe. Orúkọ òkú wà lára ẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò kọ ipò ẹ̀ síbẹ̀, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ọ̀kan náà ni. Tó bá ti ra ọ̀kan, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á wá orúkọ yẹn títí á fi mọ ibi tí wọ́n sin onítọ̀hún sí, ó ti dé sàréè àwọn míì ní Faransé. Ó ní kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn nílé mọ́. Ibẹ̀ ló ti mú mi.

Mo wá bi í léèrè ẹni tó ni tọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn sójà ẹ̀ lẹ́yìn ogun Hítílà, wọn ò kọ orúkọ sí i. Ìyẹn ni pé tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé láìsí ìwé, ó parí nìyẹn, ó lè jẹ́ ti òyìnbó Leeds, ó lè jẹ́ ti ọmọ Ìlọrin. Bíi 90,000 sójà ló ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà, Division 81, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, tó fi aláǹtakùn dúdú ṣe báàjì, wọ àfonífojì Kaladan níbẹ̀, igbó kìjikìji, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn látòkè, tí bàálù ò bá wá, ebi nìyẹn. Ìlú òyìnbó ni mo dé kí n tó ka gbogbo ẹ̀, kì í ṣe ẹnu bàbá ni mo ti gbọ́ ọ.

Pọ́ùn 25 ni mo san. Ìyàwó mi ní ṣé inú ẹ̀ la ti máa se ìrẹsì.

Lálẹ́ mo pe mọ́mì lórí WhatsApp, mo gbé e sójú kámẹ́rà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Kì í ṣe ti bàbá mi." Mo ní mo mọ̀, mà. Wọ́n ní, "Tiwọn ti ṣẹ́ létí kan." Wọ́n dákẹ́, ni wọ́n bá sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí, pé tí bàálù bá ti ń kọjá lókè Iléṣà, bàbá á jáde síta, ìbáà ṣe pé wọ́n ń jẹun, kódà kí wọ́n máa fá irùngbọ̀n lọ́wọ́, ọṣẹ á wà lẹ́nu wọn, wọ́n á gbójú sókè títí bàálù yẹn á fi lọ tán, àwọn ọmọ sì rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn bàálù ni.